Ewé Tó Pẹ́ Lára Ẹrẹ̀: Ìbéèrè Yín Lórí Ọdẹ Fọ́sìlì Ewéko

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ohun kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń béèrè: ewé, èso àti igi tó ti di òkúta. Inú mi dùn dọ́ba. Ọdún 26 rèé tí mo ti ń ṣọdẹ wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Mi ò kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé ìwé gíga. Mo kàn jẹ́ ẹni tí kò lè rí òkúta pẹlẹbẹ nílẹ̀ kó má gbé e wò ni. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú lẹ́tà náà, màá dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń rìn káàkiri ibi tí òkúta wà, mi ò tíì rí ewé kan ṣoṣo. Ṣé ojú mi ni kò dáa ni, àbí ibi tí mò ń wá? (Ẹni tó ti rẹ̀)*

Ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Ibi tí ẹ ń wá ni.

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ewé tó bá pẹ́ lára ẹrẹ̀ náà lè di òkúta, àmọ́ kí ewé tó pẹ́ lára ohunkóhun, nǹkan gbọ́dọ̀ tètè bò ó. Ewé tó já sílẹ̀ lásán nínú igbó, kòkòrò, olú àti òjò á ti jẹ ẹ́ tán kí ọdún tó yí po. Èyí tó já sínú omi tó dákẹ́, tó rì sínú ẹrẹ̀ tó kúnná tí atẹ́gùn kò dé, òun ló ṣeé ṣe kó kù. Nítorí náà, ẹ fi òkúta tí iná inú ilẹ̀ yọ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ewé níbẹ̀. Òkúta tó jẹ́ amọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, èyí tó rí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tó tò léra bí ojú ewé ìwé, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tàbí tó dúdú díẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń wa èédú inú ilẹ̀ dáa gan-an, torí èédú yẹn fúnra rẹ̀, igbó ni nígbà kan. Àmọ́ kì í ṣe inú èédú lẹ ó ti rí ewé tó ṣeé wò. Òkúta tó borí rẹ̀ ni, èyí tí àwọn awakùsà kì í fẹ́, tí wọ́n ń kó dànù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òkìtì yẹn ni kẹ́ ẹ tọrọ àyè láti yẹ̀ wò. Eérú òkè ayọnáyèéfín náà máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ dáadáa. Ní Chemnitz, ní Jámánì, eérú bo odidi igbó kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 291 ọdún sẹ́yìn, àwọn igi kan ṣì wà lóòró nínú rẹ̀.

Ní ti bí ẹ ó ṣe ṣí i: ẹ má ṣe fi òòlù lu òkúta láyà. Ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì fífẹ̀ sójú ìlà tó pààlà láàárín ìpele kan àti èkejì, kẹ́ ẹ wá máa kàn án díẹ̀díẹ̀. Ẹ fetí sí i. Ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ máa dún gooro, tó bá yá, á lọ sílẹ̀, á dún gbò. Ó ti ń ṣí nìyẹn. Ẹ gbé òòlù sílẹ̀, ẹ fi ìka ọwọ́ ṣí ìyókù. Ẹ ó rí ewé lójú kan, ẹ ó sì rí àpá rẹ̀ lójú kejì. Ẹ kó méjèèjì. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Kẹ́ ẹ sì fi awò bo ojú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rún òkúta kì í kìlọ̀ kó tó fò.

Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Lọ́dún 1972, ọkùnrin kan ń tú ilẹ̀ ní Clarkia, ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́ fi ṣe pápá eré ìje fún ọkọ̀ orí yìnyín. Ló bá já lu ewé tó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 ọdún. Tí wọ́n bá ṣí amọ̀ ibẹ̀, ewé mìíràn á ṣì ní àwọ̀ tútù tàbí àwọ̀ pupa lára. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, yóò sì dúdú lójú wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ṣí i nìkan ló rí àwọ̀ náà, kò sì sẹ́lòmíì tó máa rí i mọ́.

*Ẹ kú àárọ̀ mà. Ọmọ ọdún 14 ni mí. Mo rí òkúta aláwọ̀ ìyeyè kan, ewé dúdú tín-ín-tín tó yọ ẹ̀ka wà lára rẹ̀, ó rí bí ewé fern gan-an. Tíṣà mi ní fọ́sìlì ni. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣé ó ṣọ̀wọ́n? (Ọmọ yín)*

Ọmọ mi, mo wo àwòrán rẹ lọ́jọ́ méjì tẹ̀ léra kí n má baà ṣì ọ́ lọ́nà. Kì í ṣe ewé. Omi tó ní manganese nínú ló gba inú ẹ̀là òkúta náà kọjá, ó sì ń fi ohun dúdú sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, tó ń yọ ẹ̀ka lórí ẹ̀ka. Dendrite ni wọ́n ń pè é. Má bínú sí tíṣà rẹ. Ó ti tan àwọn tó dàgbà jù wá lọ.

Wá wo bí wàá ṣe dá a mọ̀ fúnra rẹ. Mú lẹ́ńsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, gbé e sún mọ́ ojú rẹ, kí o wá gbé òkúta náà bọ̀ wá bá a títí ohun tí ò ń wò yóò fi mọ́lẹ̀ kedere. Ewé ní iṣan ńlá kan láàárín, iṣan kéékèèké sì ń yà lára rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń tẹ̀ lé ètò. Tìrẹ kò ní iṣan. Ẹ̀ka rẹ̀ ń nípọn níbì kan, ó ń tín-ín-rín níbòmíì, láìní ètò. Tún wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: etí òkúta tàbí ojú ẹ̀là ni, ibẹ̀ ló ti ń wọlé bọ̀. Kí ló máa mú ewé hù láti etí òkúta? Lẹ́yìn náà, fi ojú òkúta sójú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ewé gidi sábà máa ń ga díẹ̀ tàbí kó jìn díẹ̀, òjìji á sì hàn létí rẹ̀. Dendrite tẹ́ pẹrẹsẹ bíi yíǹkì lórí bébà.

Má jù ú nù. Kọ "dendrite" sára rẹ̀, kí o tọ́jú rẹ̀ sórí tábìlì tí o ti ń yẹ òkúta wò. Tèmi wà lórí tábìlì mi títí dòní, òun ni mo fi ń wé ohun tí ojú mi kò bá dá lójú. Ìwọ tí o wo òkúta fínnífínní débi tí o fi rí ẹ̀ka tín-ín-tín yẹn, wàá rí ewé.

*Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ní ewé tó lé ní 200 nílé, ṣùgbọ́n irú mẹ́rin péré ni gbogbo wọn. Ìgbà wo ni màá rí èyí tó ṣọ̀wọ́n? (Oníṣùúrù)*

Ó lè ti wà nínú 200 yẹn. Mo fi gbogbo ọkàn sọ ọ́.

Ohun tí à ń pè ní ọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ yìí kì í sábà jẹ́ èyí tó rẹwà. Igi kì í di òkúta lódindi. Ewé á já lọ síbì kan, èso á já síbòmíì, gbòǹgbò á dúró sínú ilẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa wọn kò mọ èyí tó bá èyí tan, wọ́n bá fún apá kọ̀ọ̀kan lórúkọ tirẹ̀. Igi kan wà nínú igbó tó di èédú, ó máa ń ga ju mítà 30 lọ. Ara igi náà ń jẹ́ Lepidodendron, gbòǹgbò rẹ̀ ń jẹ́ Stigmaria, kóònù rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ń mú irú ọmọ jáde, ń jẹ́ Lepidostrobus. (Àpá onígun mẹ́rin tí ewé fi sílẹ̀ kún èèpo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mi ò lè ka iye ẹni tó ti gbé e wá bá mi pé àwọn rí awọ ejò.) Ohun tó ṣọ̀wọ́n jù ni oríkèé: ibi tí nǹkan méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ ti so mọ́ra.

Ewé tó jọ fern pọ̀ lọ súà nínú òkúta èédú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní spore lára, ohun tín-ín-tín bí eruku tí fern fi ń bí sí i. Ní 1903, Francis Oliver àti Dukinfield Scott ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yẹ kóró kékeré kan wò lábẹ́ maikirosíkóòbù. Wọ́n rí irun kéékèèké olórí roboto lára ohun tó bo kóró náà. Irun yẹn gan-an ló wà lára igi kan tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ewé rẹ̀ jọ ti fern. Àṣé igi yẹn ló ń so kóró náà! Fern kì í so kóró, nítorí náà ìdílé ewéko mìíràn pátápátá ni, tí kò sí láyé mọ́. Irun tí ojú lásán kò lè rí ló tú àṣírí náà. Bákan náà ni Charles Beck ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960: igi kan ń jẹ́ Callixylon, ewé kan ń jẹ́ Archaeopteris, kò sẹ́ni tó so wọ́n pọ̀ títí ó fi rí òkúta kan tí méjèèjì ti jùmọ̀ wà, tí ọ̀kan hù lára èkejì.

Ẹ tún gbọ́ ti Rhynie ní Scotland. Dókítà ìṣègùn ni William Mackie, àyè tó bá yọ lẹ́nu iṣẹ́ ló fi ń wo òkúta. Lọ́dún 1912 ó rí àwọn òkúta líle kan káàkiri ìtòsí abúlé yẹn, tí ẹlòmíì ì bá gbà kọjá. Ó mú díẹ̀, wọ́n gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, igi ewéko tín-ín-rín kún inú rẹ̀. Omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ ló fi sílíkà rì wọ́n mọ́bẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 407 ọdún sẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀. Títí kan ihò tí ewéko fi ń mí, ó ṣì ń hàn nínú rẹ̀. Láti 1917 sí 1921 ni Robert Kidston àti William Lang fi kọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀.

Ní tèmi, ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣí òkúta kan lórí òkìtì ibi ìwakùsà kan ní ìrọ̀lẹ́. Ewé Alethopteris ni, ọ̀kan lára àwọn ewé tó jọ fern yẹn, irú èyí tí mo ti ní bí ọgbọ̀n nílé. Ṣùgbọ́n ní orí ẹ̀ka rẹ̀, kóró kan wà níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìlà mẹ́ta là á gbọọrọ. Àpò mi ti wúwo. Mo mú apá tí ewé ti dán, tó mọ́, mo fi èkejì sílẹ̀ lórí òkìtì. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ kan, ó fi lẹ́ńsì sí i, ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè. Ó ní, "Èkejì dà?" Ibi tí kóró ti so mọ́ ẹ̀ka gan-an ló ti fọ́ lára tèmi, ara apá kejì ni oríkèé náà wà. Mo padà síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Katakata ti tẹ́ òkìtì yẹn pẹrẹsẹ. Irú ewé yẹn àti irú kóró yẹn, gbogbo ènìyàn ló ń rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó rí wọn níbi tí wọ́n ti so mọ́ra kò tó nǹkan.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó tún jáde lọ, ẹ kó 200 yẹn sílẹ̀, ẹ fi lẹ́ńsì wo etí ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ àti orí ẹ̀ka rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò lè tó.

*Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní òkúta roboto mẹ́fà láti Mazon Creek, ní Illinois. Ó ní ewé lè wà nínú wọn. Mo fi òòlù fọ́ méjì, wọ́n di wẹ́wẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe mẹ́rin tó kù?*

Ẹ gbé òòlù jìnnà sí wọn. Irin inú ẹrẹ̀ ló ká mọ́ ewé, tó fi di roboto bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí ewé wà ni kò lágbára nínú rẹ̀, omi ló sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kó mu dáadáa, ẹ gbé e sínú fíríìsà kó dì gbagidi, ẹ gbé e jáde kó yọ́, kẹ́ ẹ tún rẹ ẹ́ padà. Ẹ máa tún un ṣe. Òmíràn á ṣí lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, òmíràn á gba oṣù mélòó kan. Tó bá ti là díẹ̀, ẹ lè fi òòlù kékeré kàn án létí. Ẹ mọ̀ dájú pé nínú mẹ́rin, ó lè jẹ́ pé kò ní sí nǹkan kan nínú mẹ́ta.

*Ṣé ẹnikẹ́ni lè mú ohun tó bá rí lọ sílé?*

Rárá o. Gbogbo ilẹ̀ ló lólúwa, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin tirẹ̀. Àpẹẹrẹ kan: lórí ilẹ̀ ìjọba tí àjọ Bureau of Land Management ń bójú tó ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbà kí ènìyàn ṣa igi tó di òkúta fún ara rẹ̀, ìwọ̀n pọ́n-ùn 25 àti ẹyọ kan lé e lóòjọ́, kò sì gbọdọ̀ ju 250 lọ lọ́dún. Kò gbọdọ̀ tà á. Ṣùgbọ́n ní Petrified Forest National Park, ní Arizona, ẹ̀rún kan kò gbọdọ̀ bá ọ jáde. Ibi tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹnì kan, ẹ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Ibi ìwakùsà, ẹ bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ má sì dúró sábẹ́ ògiri òkúta lẹ́yìn òjò, ohun yòówù kẹ́ ẹ rí lókè ibẹ̀.

*Mo ṣa kóró àti èso mẹ́wàá ní etí òkun erékùṣù Sheppey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wúwo, wọ́n sì ń dán bíi wúrà. Ní báyìí, ìyẹ̀fun funfun ti bo mẹ́ta nínú wọn, ọ̀kan ti là. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? (Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú)*

Ẹ kò ṣe ohun burúkú kan. Ohun tó wà nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́. Pyrite ló rọ́pò ara èso yẹn, irin àti súfúrù ló para pọ̀ dá a. Tí atẹ́gùn àti ọ̀rinrin bá dé ibẹ̀, á máa yí padà, á máa sun ásíìdì, ìyẹ̀fun náà á sì máa tì í là láti inú. Ásíìdì yẹn á jẹ páálí, á sì jẹ bébà tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Lónìí, ẹ yọ mẹ́ta yẹn kúrò láàárín àwọn yòókù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wọn láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú rúlà, torí ó lè jẹ́ pé fọ́tò ni yóò kù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ìyẹ̀fun náà kúrò. Ẹ má fi omi fọ̀ wọ́n. Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá rì wọ́n sínú òróró silicone nínú ìgò onídèérí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣa ti Sheppey ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sì tọ́jú wọn dáadáa, torí èso Nypa lè wà nínú wọn, irú ọ̀pẹ kan tó jẹ́ pé ẹnu odò àti etí òkun ilẹ̀ gbígbóná ló ń hù sí lónìí, àmọ́ tó ń hù níbẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn.

*Màmá wa, mo rí nǹkan kan tí onímọ̀ méjì sọ pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wá a. Ṣé dandan ni?*

Kì í ṣe dandan, bí ẹ bá gbà á lọ́nà ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, onímọ̀ mìíràn kò lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ yín, nítorí náà wọn kì í sábà fẹ́ kọ nípa rẹ̀, wọn kì í sì í fún un lórúkọ. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, á ní nọ́ńbà, orúkọ yín á sì wà níbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ rí i.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ṣé ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i? Kì í ṣe orúkọ ìlú nìkan o. Ìpele wo, mítà mélòó sí orí èédú, ọjọ́ wo, kí ló wà nítòsí rẹ̀? Ní oṣù kejì ọdún 1912, nígbà tí Robert Scott, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń bọ̀ láti òpin ayé níhà gúúsù, wọ́n dúró ní ìtòsí òkè Buckley ní Antarctica láti ṣa òkúta. Edward Wilson, tó jẹ́ dókítà láàárín wọn, kọ nípa ibẹ̀ àti ewé tó rí sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Òtútù àti ebi ń pa wọ́n lọ, síbẹ̀ wọn kò ju òkúta náà nù. Nígbà tí wọ́n rí òkú wọn nínú àgọ́ lóṣù kọkànlá ọdún náà, pọ́n-ùn 35 òkúta wà lọ́dọ̀ wọn. Ewé Glossopteris wà nínú rẹ̀, ewé tó tún wà nínú òkúta Íńdíà, Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà pé ilẹ̀ wọ̀nyẹn lẹ̀ mọ́ra nígbà kan. Torí wọ́n mọ ibi tí ó ti wá ni ó fi lè jẹ́rìí.

Bí ẹ bá máa fi tiyín sílẹ̀, ẹ gbé apá méjèèjì lọ, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ lọ́jọ́ náà gan-an, bó bá ti wù kó dọ̀tí tó. Ẹ má ṣe dà á kọ.

Èmi náà fi ewé oníkóró mi yẹn sílẹ̀ lọ́dún kẹfà. Ó wà nínú àpótí pẹlẹbẹ kan, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ìwé pélébé abẹ́ rẹ̀ sì kà pé apá kan ni, apá kejì sọnù. Mo bẹ ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ kó má gbé nǹkan mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ṣì ṣófo níbẹ̀.